Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀: ìwé tí mo fi ń bá àwọn ọmọkùnrin sọ̀rọ̀

Àwọn òbí máa ń bi mí pé ìwé wo ni mò ń lò fún kíláàsì àwọn ọmọkùnrin tí mò ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Ìwé kan ṣoṣo ni mo máa ń dárúkọ: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Àwọn kan á lanu. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ìwé iwin yẹn? Ṣebí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní ìwà ni?" Mo fẹ́ fèsì ní kíkún lónìí, torí mo ti lo ìwé náà dáadáa, mo mọ ibi tó ti wúlò, mo sì mọ ibi tó ti lè ba nǹkan jẹ́ bí àgbàlagbà kò bá jókòó ti ọmọ.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé yìí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ kankan. Iwájú ilé wa la ti ń ṣe é, lórí àga àti ẹní, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń wá, láti ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́rìndínlógún. Àwọn ìyá wọn ló bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ náà ti ká wọn lára. Ọmọ á gbá àbúrò rẹ̀ obìnrin létí torí pé kò tètè bá a gbé oúnjẹ wá. Ọmọ á ní òun ò lè fọ abọ́, iṣẹ́ obìnrin ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kò ní sunkún, á kàn máa fi ìkúùkù lu ògiri. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkùnrin, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ olówó ńlá yangàn, tí wọ́n ń sọ pé obìnrin kò ní làákàyè. Bí ẹ bá dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń wàásù, á wolẹ̀, á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ọdẹ kan wọ inú igbó, ó bá iwin pàdé, iwin náà ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká. Á gbé orí sókè.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: Àkàrà-ògùn lọdẹ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá ẹni tó kọ ìwé, tó ní kó mú kálàmù àti ìwé kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Ó ròyìn bí òun ṣe lọ sí Igbó Irúnmọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ọba ìlú rẹ̀ rán an ní iṣẹ́ ńlá, pé kó lọ sí Òkè Láńgbòdó, kó mú ohun tó ń mú àlàáfíà bá ìlú bọ̀. Ó kó àwọn akọni jọ, wọ́n gba inú igbó náà kọjá. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn wà níbẹ̀, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, Ẹfọ̀ìyẹ̀ tó ń ta ọfà, àti Àràmàǹdà-òkùnrin, ẹni tí òtútù ń mú nígbà tí ooru bá mú. Ẹ wo orúkọ wọn. Ọmọ kì í gbàgbé wọn, ó máa ń pín wọn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára kí a tó ka ìdajì ìwé.

Ó yẹ kí n sọ pé olùkọ́ ni Fágúnwà náà. Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903, kò jìnnà sí wa níbí, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ọ̀yọ́ nígbà tó kọ ìwé yìí. Ẹ óò gbọ́ ohùn olùkọ́ nínú rẹ̀. Kò lè ríran kó má fi gbani nímọ̀ràn. Ní ojú ewé kan, ìjà ń lọ, iyanrìn ń fò. Ní èkejì, ó ti yíjú sí ẹni tó ń kàwé, ó ti ń bá a wí. Àwọn ọmọ mi máa ń kùn níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìjà.

Ibi tí ìwé yìí ti ṣiṣẹ́ jù lọ fún mi ni ibi tí àwọn olùkọ́ kan máa ń fò. Ìyẹn ni ìtàn Kàkó àti ìyàwó rẹ̀.

Kí a tó dé ibẹ̀, Kàkó ni ààyò gbogbo wọn. Kùmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ kan tiẹ̀ gé ẹ̀ka igi gúáfà, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, ó ń pe ara rẹ̀ ní Oníkùmọ̀. Nígbà tí Àkàrà-ògùn lọ pè é sí ìrìn àjò náà, ètò ìgbéyàwó ni Kàkó wà lórí rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ pé ó fẹ́ máa lọ. Ó di í mú, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi òun sílẹ̀. Inú bí Kàkó. Ó fa àdá yọ, ó ṣá obìnrin náà pa, ó sì bá àwọn ọdẹ lọ.

Mo ka ibẹ̀ jẹ́jẹ́, mi ò gbé ohùn sókè, mi ò sì ṣàlàyé nǹkan kan. Mo pa ìwé dé, mo ń wò wọ́n. Ọmọ télọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ ọba ni wọ́n rán an, mà. Obìnrin yẹn ń dí i lọ́wọ́." Ẹnì kejì ní, "Ṣé kò lè já ọwọ́ ẹ̀ kúrò ni? Ẹni tó ń fi kùmọ̀ pa ẹkùn!" Ẹnì kẹta ní bóyá oògùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ariwo sọ, aládùúgbò wa yọjú látòkè. Nígbà tó yá, ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní, "Ojú ń tì í ni. Kò fẹ́ kí àwọn ọdẹ yòókù rí i pé obìnrin ń fà á láṣọ." Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Láti kékeré ni mo ti ń ka ìwé yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé kí ni Kàkó ì bá ṣe. Ó ronú, ó ní, "Kó sọ fún un pé òun náà ń bẹ̀rù àtilọ."

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Kò sí ìwàásù tí mo lè ṣe tí á mú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bí mo bá bi í pé, "Kí ló dé tí bàbá lágbájá fi ń na ìyàwó rẹ̀?" kò ní dá mi lóhùn, torí bàbá lágbájá lè jẹ́ bàbá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Kàkó kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Inú igbó iwin ló wà. Ọmọ lè dá a lẹ́jọ́, ó lè bínú sí i, ó lè káàánú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa nà án nítorí rẹ̀ nílé. Ohun tí ìtàn àròsọ irú èyí fi dára fún iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun sì ni ìdí tí mi ò fi ń lo àwọn ìwé ìtàn ojoojúmọ́ tí ọmọ á ti mọ ẹni tí wọ́n ń sọ lójú ẹsẹ̀.

Àbùkù ìwé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò ní bò ó. Fágúnwà tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ohun gbogbo kò pẹ́ nídìí òkú obìnrin yìí. Ìtàn gbéra, àwọn ọdẹ ń lọ. Ní ọjọ́ kan tí mo jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin bá wa jókòó, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Mà, ta ló sin ín?" Mo ní kí àwọn ọmọkùnrin dá a lóhùn. Wọn ò rí ìdáhùn. Mo wá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ kọ ojú ewé kan, bí ẹni pé òun ni ìyá obìnrin náà, tí wọ́n wá ròyìn fún un nílé. Ọmọ tó gbẹ́ kùmọ̀ gúáfà ló kọ èyí tó gùn jù. Mi ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ka ibẹ̀ nìkan, láìsí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó gbà pé bí akọni ṣe ń ṣe nìyẹn, torí ìwé náà ń yin Kàkó níwájú, ó sì ń yìn ín lẹ́yìn. Ẹ má fún ọmọ ní ìwé yìí kí ẹ sì bá tiyín lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú ìwé náà lápapọ̀ tún gba àfiyèsí. Àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-ògùn, bàbá rẹ̀ ló sì pa á. Bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, torí fíìmù tí wọ́n ń wò kún fún irú rẹ̀. Mo máa ń dá wọn dúró. Mo ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n máa ń pè ní àjẹ́ ní àdúgbò wa, ṣé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ṣé olówó ni tàbí tálákà, ṣé ó ní ọmọ tó lè gbèjà rẹ̀. Wọ́n mọ ìdáhùn. Ọmọ á sọ pé ìyá arúgbó kan wà tí òun máa ń sá fún, kò sì mọ ìdí. Ní òdìkejì, Ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀, obìnrin rere tó wá ran Àkàrà-ògùn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí òun àti Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún jà. Ó dára, ó mọ́, ó gbọ́n. Síbẹ̀ nítorí ọkùnrin ló ṣe wá, bó sì ti parí iṣẹ́ ni ìtàn fi í sílẹ̀. Obìnrin kankan kò sí lára àwọn tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó.

Nítorí ìyẹn, mi ò lo ìwé yìí lóun nìkan rí. Mo máa ń fi ìtàn Mọrèmi tì í. Àwọn ọmọ wa ń rí ère rẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ méjìlélógójì, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 2016, wọ́n sì mọ̀ pé ó jẹ́ kí àwọn ọ̀tá kó òun lẹ́rú kó lè mọ àṣírí àwọn tó ń fi ewéko bora wá jà wọ́n lógun. Mo kàn ń bi wọ́n pé: bí ọba bá pe Mọrèmi mọ́ Kàkó àti Ìmọ̀dòye, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ nínú igbó náà? Ọ̀sán ọjọ́ tí mo bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀ kì í tètè parí.

Ìbéèrè mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ fún mi, tí kò sì ná mi ní nǹkan kan, ni pé: nínú ìrìn àjò náà, níbi tí kò sí obìnrin, ta ló ń dáná? Wọ́n máa ń ya ẹnu. Wọn ò rò ó rí. Ọdẹ ló ń dáná. Ọdẹ ló ń sun iṣu, ọdẹ ló ń yan ẹran, ọdẹ ló ń fọ ìkòkò rẹ̀. Ọmọ kan wà láàárín wọn tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ ọdẹ lọ́nà Òkè-Igbó níbẹ̀ yẹn. Mo ní kó lọ bi bàbá. Ó padà wá, ó ròyìn pé bàbá ní àwọn kì í gbé obìnrin lọ sí àgọ́ ọdẹ, àwọn máa ń gbé iyọ̀, ata gbígbẹ àti epo dání, àti pé òun lè se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ tí ìyá àgbà kò lè sè. Bàbá tiẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń to igi sábẹ́ ẹran hàn án, kí èéfín má bàa korò sí i. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ obìnrin ni" ti dín kù lẹ́nu wọn níwájú mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, ìyá wọn ló lè sọ. Ìyá ọmọ yẹn sọ fún mi pé ó ti ń gún ata.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ràn nípa Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀. Ọdẹ yìí kò fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́ fún wa. Ó ní oògùn, ó ní ìbọn, ó ní ẹgbé tó lè gbé e kúrò níbi ewu, síbẹ̀ ó ń sọ fún wa nígbà tí ara rẹ̀ bá gbọ̀n, ó ń sọ nígbà tó sá gun igi. Ìjà òun àti Àgbákò kò parí sí pé ó gbé iwin náà ṣánlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wo fíìmù òyìnbó, níbi tí akọni kì í ti í bẹ̀rù nǹkan kan, kọ́kọ́ ń rò pé ọdẹ yìí kò tó nǹkan. Ó ń gba àkókò kí wọ́n tó rí i pé ọkùnrin yìí bẹ̀rù, ó padà sílé, ó sì tún lọ. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí àwọn náà ń bẹ̀rù, níbi tí a bá ti ka irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn, ìdánwò WAEC, kí màmá má kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sọ ìkejì, ọmọ ọdún méjìlá sọ ìkẹta.

Olóhùn-iyọ̀ ni ohun ìyanu kejì. Orin ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin tó rẹwà, tí ohùn rẹ̀ dùn, tó ń lu ìlù tó ń kọrin láàárín àwọn oníkùmọ̀ àti ọlọ́fà, kò sì sí ẹni tó ní kò ṣe ọkùnrin tó. Ìmọ̀dòye sì wà níbẹ̀ fún ọgbọ́n. Nínú kíláàsì mi, ọmọ kan fẹ́ràn ijó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀sín. Òun ló gba orúkọ Olóhùn-iyọ̀. Ẹnu ìwé ni mo fi gbèjà rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan síwájú.

Ìparí ìrìn náà ni àwọn ọmọ ń ṣàròyé lé lórí jù. Lẹ́yìn gbogbo iwin, gbogbo ìjà, wọ́n dé Òkè Láńgbòdó, ọba ibẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ bá Ìrágbèje gbé. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó síwájú ọkùnrin ọlọ́gbọ́n náà, tí wọ́n ń gbọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ìwà. Ní tòótọ́, ó gùn. Bí ẹ bá ń kà á fún ọmọ, ẹ pín in, ẹ ka ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dà sí i létí. Ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Àwọn ọkùnrin tó lágbára jù ní ìlú wọn, tí wọ́n la iná kọjá, ohun tí wọ́n bá lókè ni pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀. Kàkó náà jókòó. Mo ní kí àwọn ọmọ mi gbìyànjú rẹ̀: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ bá ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kó bi í pé kí ló ṣòro fún un jù nílé, kó má sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí á fi parí. Àwọn kan kò lè ṣe é. Àwọn tó ṣe é wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé nínú ilé kan náà.

Ní ti ìwé náà fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà: kò nípọn, kò wúwo, owó rẹ̀ kò tó owó dátà tí ọmọ ń jó lóṣù. Ẹ̀dà oríṣiríṣi ló wà lọ́jà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo rà, ìtẹ̀wé rẹ̀ ṣú, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ sì tú kí a tó dé ìdajì, ojú ewé ń já bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Èkejì tí mo rà lọ́jà mìíràn dára, ìránpọ̀ rẹ̀ le. Ohun tó ń dá àwọn ọmọ dúró jù ni àkọtọ́. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ṣì ń lo ọ̀nà ìkọ̀wé tó wà kí àkọtọ́ òde òní tó dé ní 1974: ẹ óò rí "aiye", ẹ óò rí "enia", ẹ óò rí "nwọn", àmì ohùn kò sì pọ̀. Ọmọ tó ń ka Yorùbá dáadáa ní ilé ìwé á kọsẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kà á sókè fún wọn, tí àwọn náà ń tẹ̀lé mi pẹ̀lú ìka. Èdè rẹ̀ fúnra rẹ̀ jinlẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá kà á sókè, ó ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀, ọmọ á gbọ́ ju bí á ṣe lóye rẹ̀ lójú ìwé lọ.

Fún àwọn tó wà ní London tàbí Houston tí ọmọ wọn kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ìtúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968 wà, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀, àwòrán náà dára púpọ̀ fún ọmọ. Ẹ lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ní kí màmá àgbà máa ka ti Yorùbá fún wọn lórí fóònù.

Ọmọ ọdún méjìlá sókè ni kí ẹ rà á fún. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtàn Àgbákò nìkan ti tó fún un. Ẹ ra méjì, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ara yín. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin nílé, ẹ pè é wá síbẹ̀, ẹ má ṣe ka ibi ìyàwó Kàkó nígbà tí kò sí níbẹ̀. Àwa náà ti fẹ́ mú Igbó Olódùmarè tó jáde ní 1949, ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn. Ọmọ télọ̀ ti ń bi mí bóyá bàbá náà burú bí Kàkó. Mo ní kó dúró kí a kà á.